Agbo Tí Iye Rẹ̀ Pé

Iṣẹ́ ìṣirò ni mo fi jẹun títí orí mi fi funfun. Síbẹ̀, bí ẹ bá jókòó tì mí lónìí tí ẹ bi mí pé ọmọ mélòó ni ìyá mi bí, n kò ní dá yín lóhùn. Mo mọ orúkọ wọn, mo mọ ẹni tó tẹ̀lé ẹni, mo mọ èyí tó ń tọ̀ sórí ẹní títí ó fi tó ẹni tí à ń rán lọ sódò. Iye wọn nìkan ni n kò ní sọ. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pè mí ní ará oko. Kò dùn mí.

Ní ulé wa l'Adó, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìyá mi kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, ó sì ti kó gbogbo ohun tí bàbá rẹ̀ ń bọ dà sínú igbó kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n kò sí àlùfáà tó lè bá a sọ ọ́ kó gbà pé kí ènìyàn na ìka sí àwa ọmọ rẹ̀ kó máa wí pé ení, èjì, ẹ̀ta. Á gbá ìka náà dànù. Á ní ikú náà létí. Ọgbọ́n tó ń dá ni pé ó ní àwo amọ̀ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Bó bá bu oúnjẹ alẹ́ tán, tí àwo kan ṣì wà nílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó gbé e, ó ti mọ̀ pé ẹnì kan kò tíì wọlé, á sì bọ́ síta máa pariwo orúkọ. Bàbá wa wà ní Ìbàdàn níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, Kérésìmesì ló ń mú un wálé, nítorí náà ìyá mi nìkan ló ń gbé gbogbo àwo yẹn kalẹ̀.

Àwo tó kéré jù ni ti àbígbẹ̀yìn, àbúrò mi obìnrin. Èmi ni àkọ́bí, èmi ni mo pọ̀n ọ́n, ẹ̀yìn mi ló ti kọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Ọmọ náà kò bẹ̀rù ajá, kò bẹ̀rù ejò, ó lè bú àgbàlagbà tó bá fọwọ́ kan ìpápánu rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó rí ohun tó ní ṣóńṣó. Bí ẹ̀gún bá gún un lẹ́sẹ̀, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́, yóò sì máa fi ẹsẹ̀ kan rìn fún ọjọ́ mẹ́ta kí a má baà fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, mo wà ní kíláàsì kẹta ní ilé ìwé ìjọ wa, mo sì mọ̀wé dé ibi tí ìgbéraga fi ń yọ mí lẹ́nu. Tíṣà wa jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní ẹ̀wù kan ṣoṣo, tó ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Òyìnbó àlùfáà kan tó ń padà sílé ló fún un ní ìwé ìṣirò kan, ìwé náà sì ti wọ̀ ọ́ lára. Lọ́jọ́ kan ó kó wa jáde sábẹ́ igi ìyeyè, ó fi ọ̀pá fa òbìrí ńlá kan sórí ilẹ̀. Ó ní agbo nìyẹn. Ó ní agbo kì í ṣe ibi tí ènìyàn kàn kóra jọ sí. Agbo gbọ́dọ̀ ní òfin, òfin náà sì gbọ́dọ̀ hàn gbangba tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè tọ́ka sí ohunkóhun láyé ká sọ bóyá ó wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Kò sí àárín.

Ó ní kí gbogbo ẹni tó jẹ iṣu sísun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn bọ́ sínú òbìrí. A bọ́ sínú rẹ̀. Ó fa òmíràn, ó ní ti àwọn tó la odò kọjá wá sílé ìwé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sáré síwá sẹ́yìn, nítorí wọ́n jẹ iṣu, wọ́n sì la odò. Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó fi ẹsẹ̀ pa òbìrí kejì rẹ́, ó tún un fà kí ó lè wọnú ti àkọ́kọ́ díẹ̀, ó ní kí àwọn tí òfin méjèèjì mú dúró síbi tí agbo méjèèjì ti wọnú ara wọn. Ó fa ẹ̀kẹta. Ó ní ti àwọn tó ti wọ ọkọ̀ ojú omi rí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó mira. Ó ní kí a wò ó dáadáa, pé agbo ni òun náà, agbo òfìfo, àti pé agbo òfìfo wà nínú gbogbo agbo tó wà láyé, ìbáà kún títí kó ya. A rẹ́rìn-ín. Òun kò bá wa rẹ́rìn-ín.

Èyí tó fi parí iṣẹ́ ọjọ́ náà ló mú mi lọ́kàn jù. Ó kó èkùrọ́ jọ sílẹ̀, ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹyọ kan. Nígbà tí èkùrọ́ tán tí kò sì sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ó ní a ti mọ̀ báyìí pé iye èkùrọ́ àti iye wa dọ́gba, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ka nǹkan kan. Inú mi dùn débi pé mo sáré délé. Mo sọ fún ìyá mi pé ohun tó ń fi àwo rẹ̀ ṣe wà nínú ìwé òyìnbó. Ó bi mí bóyá nítorí àwo ọbẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sanwó oṣù fún tíṣà.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni àwọn tó ń gba ọ̀nà Ìgbẹmọ wá sí Ọjà Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Àwọn tó wá kì í pẹ́, wọn kì í jókòó, wọ́n ń tajà bí ẹni tí a ń lé. Bí a bá bi wọ́n léèrè ará ilé, wọ́n á ní ilẹ̀ gbóná díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, wọ́n á sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò sí ọmọdé tí kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àrùn náà ní orúkọ, a kì í pè é. Olóde ni à ń wí, Alápa-dúpẹ́ ni à ń wí, nítorí bó bá pa ènìyàn, ará ilé ẹni náà kò gbọdọ̀ sunkún, wọ́n gbọ́dọ̀ dúpẹ́ ni. Wọ́n ní kí a má rìn ní ọ̀sán gangan. Wọ́n ní kí a má súfèé. Ẹ̀rùn mú ilẹ̀ le, ọyẹ́ ti lọ, atẹ́gùn kò sì fẹ́. Bí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án, ẹ kò ní gbọ́ ohùn ènìyàn kan láti ulé wa dé ọjà.

Ní kíláàsì wa, àyè kan ṣófo lórí bẹ́ǹṣì. Lọ́jọ́ kejì, ó di méjì. Tíṣà kò bèèrè wọn. Ó yí ojú sí pátákó, ó fi ẹfun fa òbìrí méjì tó wọnú ara wọn. Èkíní jẹ́ ti àwọn tí Olóde ti bá jà rí tí wọ́n yè, àwọn tí ojú wọn ní àpá, nítorí kì í padà sára ẹni lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì jẹ́ ti àwọn tó ti gbà bupá, oògùn tí wọ́n ń fi abẹ ha síni lápá kí Olóde má baà lè báni jà. Ó ní kí a dárúkọ ara wa àti àwọn àbúrò wa tó wà nílé, ó sì ń kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan síbi tó yẹ ẹ́. Nígbà tó kọ ọ́ tán, orúkọ tó pọ̀ jù wà níta, lóde agbo méjèèjì. Tèmi wà níbẹ̀. Ti àbígbẹ̀yìn wa wà níbẹ̀, nísàlẹ̀ pátápátá, nítorí òun ni mo dárúkọ kẹ́yìn.

 Ó wá sọ pé oníbupá ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, àti pé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn òun kò fẹ́ rí orúkọ kankan níta mọ́.   Ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ilé ìwé pa.

Ọjọ́bọ̀ bá ìyá mi lórí epo. Ó ti se ẹyìn sílẹ̀ ní oko, ẹyìn tí a bá sì ti sè kì í dúró de ẹnikẹ́ni, bó bá di ọjọ́ kejì ó ti bàjẹ́. Ó bú ẹyìn, ó bú ara rẹ̀, ó pè mí, ó ní èmi ni n ó kó gbogbo wọn lọ. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹyọ kan ṣẹ́kù sílé, pàápàá àbígbẹ̀yìn. Bó ti dé ẹnu ọ̀nà, ó tún yíjú padà, ó ní kí n má ṣe kà wọ́n o, lásìkò tí ilẹ̀ rí báyìí.

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo ti mọ ohun tí n ó ṣe. Mo ṣa èkùrọ́, ẹyọ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn àbúrò mi, bí mo ti ń ṣa á ni mò ń dárúkọ wọn sínú, mo sì dì í sí etí ìró mi. Bí a ti fẹ́ máa lọ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin dé láti Ìgèdè. Ó ru iṣu wá sí Ọjà Ọba, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì tẹ̀ lé e, ọmọ tó jẹ́ ojúgbà àbígbẹ̀yìn wa gan-an. Ó kí wa, ó mu omi, ó ní òun ń lọ ta iṣu òun kí oòrùn tó le. Mo rò pé ọmọ náà bá a lọ.

Èrò ti kún inú ọgbà ilé ìwé. Ilé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè tẹ̀lé ara wọn; bí wọ́n bá pe ilé kan, àwọn ọmọ ibẹ̀ á gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé sọ́dọ̀ oníbupá, wọ́n á gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde. Nígbà tí wọ́n pe ilé wa, èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé kí ẹ̀rù má baà ba àwọn tó kù. Ọkùnrin náà wọ kakí, kò kí mi, ó di apá òsì mi mú, ó fi abẹ ha á, ó ní kí ẹlòmíràn bọ́ síbẹ̀. Mo jáde, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kejì, mo tú etí ìró mi. Bí ọmọ kan bá ti jáde, èkùrọ́ kan bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń ké, wọ́n fi apá bo ojú, wọ́n sì ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí adìyẹ tí a tú sílẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Èmi, èkùrọ́ ni mo fi ṣọ́ àwọn àbúrò mi. Ọwọ́ mi ni mò ń wò, n kò wo ojú wọn.

Èkùrọ́ tó kẹ́yìn bọ́ sílẹ̀, ọmọ tó kẹ́yìn jáde, wọ́n sì pe ilé mìíràn. Kò ṣẹ́kù, kò dín. Mo rí tíṣà ní ọ̀ọ́kán, mo na ọwọ́ mi tó ṣófo sí i, ó sì mi orí sí mi. N kò rò pé inú mi tún dùn bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi.

Nígbà tí mo délé, àbígbẹ̀yìn ti wà lẹ́yìnkùlé, ó jókòó ti ògiri. Ó na apá rẹ̀ sí mi kí n tó bi í. Ó ní òun ti gbà á, ẹ̀jẹ̀ sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìlà pupa kan báyìí. Mo wò ó. Apá ọ̀tún ni.

Apá òsì ni ọkùnrin yẹn ti gún gbogbo wa. Mo mọ̀ ọ́n.  Mo wá sọ fún ara mi pé ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà ti jà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi mú apá tó bá wá sọ́wọ́. Èkùrọ́ tán, àbí kò tán? Bó bá jẹ́ pé kò wọlé ni, ẹyọ kan ìbá ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́. Tíṣà ló kọ́ mi, ìwé òyìnbó ló kọ́ tíṣà. Mo gbà pé ojú mi ló ṣìnà.

Ìyá mi ti oko dé, ó yẹ apá wa wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti padà sí Ìgèdè kó tó dé, kò sì sẹ́ni tó tún rántí ọ̀rọ̀ tiwọn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, apá gbogbo wa wú, ó ń ṣomi, ibà díẹ̀ sì mú wa. Ti àbígbẹ̀yìn gbẹ, èépá rẹ̀ sì jábọ́ wẹ́rẹ́. Ìyá mi ní ara kò dọ́gba, pé ti ẹlòmíràn kì í wú. Oníbupá ṣì wà nílùú nígbà náà. Mo máa ń rí i tó ń kọjá pẹ̀lú àpótí rẹ̀ láràárọ̀. N ó dìde, n ó sì tún jókòó. Kí ni mo fẹ́ wí fún un? Pé èkùrọ́ parọ́? Ìtìjú ni mò ń bá jà, ká má purọ́. Ọkùnrin náà kó ẹrù rẹ̀, ó gba ọ̀nà mìíràn lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àbígbẹ̀yìn jí, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ó ní ẹnu òun korò. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ara rẹ̀ gbóná débi pé ìyá mi fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ní ọjọ́ kẹta, ohun tí a kì í pè lórúkọ ti yọ sí i níwájú orí. Àwọn àgbà àdúgbò dé, wọn kò wọlé, wọ́n dúró lójú ọ̀nà. Wọ́n rán ìyá àgbà kan tí ojú rẹ̀ kún fún àpá wọlé kó gbé e lọ sí abà kan nínú oko, nítorí kò sí ohun tí Olóde tún lè fi ìyá yẹn ṣe mọ́. Ọmọ náà na ọwọ́ sí mi láti èjìká rẹ̀. Ó ní kí n wá pọn òun. Wọ́n dì mí mú.

Láràárọ̀ ni ìyá mi ń gbé oúnjẹ lọ sí oríta abà náà, ibẹ̀ ni wọ́n gbà á láyè dé. Bó bá padà lọ ní ìrọ̀lẹ́ tó bá igbá tó ṣófo, ó mọ̀ pé ọmọ ṣì wà láàyè. Lọ́jọ́ kan ó bá oúnjẹ nílẹ̀, èèrà ti bò ó. Ó padà wálé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ti dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, wọ́n ní ẹ̀rín là á fi í rín. Tiwa kò gba ẹkún, kò gba ẹ̀rín. Ìyá mi ní, "A dúpẹ́." Ó tún un wí, nítorí ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa nígbà àkọ́kọ́. Wọ́n sì lọ. Títí di òní, n kò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí.

Ìbànújẹ́ tí kò rí ojú ẹkún gbà, ibòmíràn ló ń gbà jáde. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ba bupá lórúkọ jẹ́. Ní odò, ní ọjà, lẹ́yìn ìsìn, ẹ̀tàn ló ń pè é. Ó ní wọ́n gún ọmọ òun, òun fi ojú ara òun rí apá náà, ọmọ sì kú. Ta ni yóò bá ọlọ́fọ̀ jiyàn? Nígbà tí ìròyìn dé pé oníbupá tún ń padà bọ̀ nítorí àwọn ilé tó ṣẹ́kù, àwọn obìnrin àdúgbò wa ti fẹnu kò pé àwọn yóò kó ọmọ sá sí oko. Tíṣà wá bẹ ìyá mi. Ìyá mi kò gbé àga fún un.

Àkókò yẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú ọmọ rẹ̀ obìnrin yẹn wá láti Ìgèdè pé kó máa bá wa gbé, bóyá ọkàn àbúrò òun á balẹ̀ díẹ̀. Mo ń wẹ̀ fún ọmọ náà lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo rí i: àpá bupá, ó yípo rekete lórí apá òsì. Oníbupá kò sì tíì dé Ìgèdè. Mo rọra bi í níbi tó ti gbà á. Ó ní ní ilé ìwé wa ni. Ó ní òun kò bá bàbá òun dé ọjà lọ́jọ́ yẹn, òun yà lẹ́yìn rẹ̀, òun sì tẹ̀ lé wa. Ó ní àbígbẹ̀yìn wa ló sọ fún òun pé wọ́n ń pín àkàrà nínú yàrá náà, kí òun wọlé dípò rẹ̀, ó sì rá gba abẹ́ ọgbà ẹlẹ́gùn-ún lọ. Ó ní kò sí àkàrà níbẹ̀ rárá. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́.

Kànìnkànìn bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹni tí kò lè fara da ẹ̀gún kan ṣoṣo, inú ẹ̀gún ló gbà sá fún abẹ, ẹ̀gún ló sì fa ìlà pupa yẹn sí i lápá. Èkùrọ́ kò sì parọ́. Iye ọmọ tó jáde lẹ́nu ọ̀nà yẹn pé géérégé pẹ̀lú iye àwọn àbúrò mi. Wọn kì í ṣe àwọn kan náà ni.

Mo lọ bá tíṣà. Ó gbọ́ ọ tán, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kéékèèké, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ó ní agbo méjì lè ní iye kan náà kí wọ́n má sì jẹ́ agbo kan náà. Àfi bí gbogbo ẹni tó wà nínú èyí bá wà nínú ìyẹn, tí gbogbo ẹni tó wà nínú ìyẹn sì wà nínú èyí. Ó ní ẹ̀kọ́ tó kàn nìyẹn, wọ́n ti ilé ìwé pa kí òun tó dé ibẹ̀ ni.  Ó wá bi mí pé òun ni yóò sọ fún ìyá mi ni, àbí èmi, nítorí ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí àwọn obìnrin yẹn tó kó ọmọ wọn sá. Mo ní èmi ni.

Mo bá ìyá mi níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ láti orí èkùrọ́ títí dé orí àkàrà. N kò fi nǹkan kan pamọ́, àfi ẹyọ kan. Kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo parí, ó bi mí láìgbé ojú sókè:

"Apá wo ló nà sí ọ lọ́jọ́ náà?"

"Apá ọ̀tún, Yèyé."

"O sì rí i."

"Mo rí i, Yèyé."

Ó bó ẹyọ kan sí i, ó sọ ọ́ sínú igbá.

"Èmi náà rí i," ó ní.

Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lórí ìró rẹ̀, ó dìde, ó bọ́ síta. Kò fo ilé kan. Ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló ti ń sọ pé bupá kò jẹ̀bi, pé ọmọ òun kò gbà á, òun ni òun rí i tí òun kò sì wí. Kò dárúkọ mi. Kò dárúkọ tíṣà. Àwọn obìnrin kan bú u, ó dúró gbọ́ ọ tán kó tó kọjá sí ilé tó kàn. Lọ́jọ́ tí oníbupá dé, wọ́n kó ọmọ wọn wá.

Nígbà tó padà dé lọ́jọ́ náà, ó pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ Ìgèdè kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ láé, pé wíwọlé tó wọlé dípò àbígbẹ̀yìn ló fa ikú ọmọ náà. Láti ọjọ́ yẹn, alápá gígùn ni gbogbo bùbá tó ń rán fún un, nínú òjò, nínú ẹ̀rùn. Ọmọ náà á máa ráhùn pé ooru ń mú òun, ìyá mi á ní kó má bọ́ ọ. Ó dàgbà lọ́dọ̀ wa, ó lọ́kọ, ó bímọ. Bí a bá jọ jókòó, ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé nínú gbogbo wa, òun ni ìyá mi fẹ́ràn jù, pé òun nìkan ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ránṣọ fún. Mo máa ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá mi kò lè wo apá òsì rẹ̀ títí ó fi kú.